Ẹ má fi ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ wá ibi tí tíyò epo ti ń jo

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń tún mọ́tò ṣe ní Ofè àti ní gbogbo Ṣábẹ, àwa olùkọ́ kọ́ la máa kọ́ yín níṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kúrò ní kíláàsì wa ló ń wọ abẹ́ mọ́tò yín, ohun tí a sì rí lẹ́bàá títì lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ṣeé dákẹ́ sí.

Bọ́ọ̀sì akérò kan tó ń lo gasoil ni. Epo ń jo níbi tíyò irin tó lọ sí injẹ́tọ̀. Ọ̀gá ní kí ọmọ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó wá ibi tó ti ń jo, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́! Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà.

Afẹ́fẹ́ inú taya bọ́ọ̀sì yẹn kò ju bar 4 tàbí díẹ̀ sí i lọ. Ẹ́ńjìnnì gasoil àtijọ́ ń fi agbára tó lé ní bar 100 ti epo jáde. Àwọn tuntun tó ti wà láti 1997 ń kọjá bar 1000. Epo bẹ́ẹ̀ á gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ojú ọgbẹ́ lè kéré bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, kó má tilẹ̀ dunni púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tí ẹran inú ọwọ́ ti ń kú. Bí kò bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ, wọ́n lè gé ìka náà. Páálí la fi ń wá ibi tó ń jo.

Ẹ ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ yín nìyẹn. A mọ̀. Ìgbájú ni wọ́n fi kọ́ yín. Ṣé ó wá di ogún ni?

Tíyò yìí kò sì ṣòro tú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kó tutù. Ẹ nu orí nọ́ọ̀tì mọ́ tónítóní, torí eruku ọyẹ́ tó bá wọ pọ́ǹpù á họ irin tí àlàfo àárín wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá irun orí. Kí kíléè kan di ẹnu pọ́ǹpù mú, kí èkejì tú nọ́ọ̀tì. Tó bá ti kúrò, ẹ dé ẹnu méjèèjì. Síṣẹ́lì àti òòlù kò sí níbẹ̀. Ẹni tó gé tíyò kúrú tó sì jó o pọ̀ ti ba nǹkan jẹ́: gígùn wọn dọ́gba kí epo má baà pẹ́ dé sílíńdà kan ju òmíràn lọ.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má fọwọ́ lérán. Ẹ̀yin lẹ ń pariwo "Yára, èrò ń bínú!"

Òfin iṣẹ́ ti 1998 ní Benin ní kí ọmọ pé ọdún 14 kó tó wọ ẹnu iṣẹ́. Ẹ wo àwọn tó wà lọ́dọ̀ yín dáadáa.

Ìwé mọ́tò tó wà ní Faransé, ẹ gbé e wá. Ẹ rán ọmọ yín sí wa nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a ó kà á fún un ní Yorùbá. A kò ní gba kọ́bọ̀.