Crowther, Ọmọ Onígòjé: Ta Ló Ní Orúkọ Òyìnbó Kò Nítumọ̀?



Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa ní sáà tó kọjá tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Orúkọ Yorùbá là ń kọ́ lọ́jọ́ náà: orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ, oríkì àti orúkọ inagijẹ. Olùkọ́ wa ní kí kálukú dìde, kó sọ orúkọ ìdílé rẹ̀, kó sì túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó kan ọ̀rẹ́ mi kan, orúkọ òyìnbó ló dá, irú èyí tí àwọn Sàró mú bọ̀ láti Freetown láyé ọjọ́un. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Yorùbá lò ń kọ́, òyìnbó lò ń jẹ́! Orúkọ tí kò nítumọ̀!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi jókòó, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi jáde.

Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ tọrọ àforíjì fún lónìí. Ó dun ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìyẹn, irọ́ ni ohun tí a fi rẹ́rìn-ín. Orúkọ òyìnbó nítumọ̀. Àwọn tó ń jẹ́ ẹ ló gbàgbé ìtumọ̀ rẹ̀, àwa náà sì ti ń gba ọ̀nà kan náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ kan tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n: Crowther. Láti ọdún kìíní la ti ń gbọ́ nípa Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ìtumọ̀ Àjàyí kò ṣòro fún wa: ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé ni. Kí wá ni Crowther? Mo bi àwọn ènìyàn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Ọ̀pọ̀ wọn ní àwọn kò mọ̀. Ẹnì kan ní ó jọ "crowd", pé bóyá ẹni tó máa ń kó èrò jọ ni bàbá ńlá wọn.

Ẹni yìí sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ṣìnà. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ "crowd" tí kò kan èrò rárá. Ohun èlò orin olókùn ni, òun ni àwọn ará Wales ń pè ní "crwth". Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ní okùn mẹ́fà, ọ̀pá tí wọ́n ta irun ìrù ẹṣin mọ́ ni wọ́n sì fi ń fa okùn náà kó lè dún. Ẹni tó bá ń fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní "crowder" tàbí "crowther".

Ta ni ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ èyí tí kò ní rántí gòjé? Tiwa, awọ la fi ń bò ó, okùn kan ló sì ní. Ṣùgbọ́n fífà ni wọ́n ń fa àwọn méjèèjì, ojú agbo àríyá sì ni ibi iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Tí wọ́n bá ní kí n túmọ̀ Crowther sí Yorùbá nínú ìdánwò, Onígòjé ni mo máa kọ.

Báwo ni onígòjé ṣe wá di orúkọ ìdílé? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní orúkọ ìdílé láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ wọn ní ọdún 1066 ni ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì gba ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mélòó kan kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ rò ó wò: abúlé kan ní John mẹ́rin, agbowó-orí sì ń bọ̀. Èwo ni John tó jẹ gbèsè? John alágbẹ̀dẹ di John Smith. John aránṣọ di John Taylor. John tó ń gbé lórí òkè di John Hill. John onígòjé di John Crowther. Nígbà tó yá, ọmọ onígòjé di àgbẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ di ahunṣọ, Crowther náà ni wọ́n ń jẹ́. Iṣẹ́ lọ, orúkọ kù.

Abúlé wo ni kò ní alágbẹ̀dẹ? Ìdí nìyẹn tí Smith fi pọ̀ bí yanrìn. Ṣùgbọ́n onígòjé kò sí ní gbogbo abúlé, nítorí náà Crowther ṣọ̀wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Smith, ó sì ní ilé tirẹ̀. Ilé náà ni ìwọ̀-oòrùn Yorkshire, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Huddersfield, Halifax, àti àwọn ìlú kéékèèké tó wà ní àfonífojì odò Colne. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn Ìlú Ọba ní ọdún 1881, agbègbè yìí ni àwọn Crowther pọ̀ sí jù lọ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ dòní. George Redmonds, onímọ̀ ìtàn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa àwọn orúkọ ìdílé Yorkshire, fi hàn pé ọ̀pọ̀ orúkọ ibẹ̀ ló ṣeé tọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ìdílé kan tàbí abúlé kan. Àwọn Crowther kan ní àfonífojì Colne di ọlọ́lá nídìí ilé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ irun àgùntàn. Nígbà tí Thomas Armstrong fẹ́ kọ ìtàn àròsọ nípa irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní 1940, The Crowthers of Bankdam ló pe ìwé náà. Bí òǹkọ̀wé tiwa bá fẹ́ kọ ìtàn ìdílé onílù, ṣé kò ní sọ wọ́n ní Àyàn?

Orúkọ náà kò dúró sí Yorkshire. Wọ́n bí Geoffrey Crowther ní Leeds ní 1907, òun ló sì ṣe olóòtú ìwé ìròyìn The Economist láti 1938 sí 1956. Ní Amẹ́ríkà, Will Crowther wà lára àwọn tó kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ARPANET, èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní Tasmania ní Ọsirélíà, oníṣègùn kan wà tó ń jẹ́ William Crowther. Ní 1869, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó yọ agbárí òkú William Lanne, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, gbé lọ. Síbẹ̀ ó di olórí ìjọba Tasmania ní 1878, wọ́n sì gbẹ́ ère rẹ̀ sí ìlú Hobart. Ní 2022 ni ìgbìmọ̀ ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò pé kí wọ́n yọ ère ọ̀hún kúrò.

Ìgbà yìí ló wá kan tiwa. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó so Àjàyí ọmọ Ọ̀ṣoògùn pọ̀ mọ́ Yorkshire. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tó ń kó òun àti àwọn mìíràn lọ, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown. Níbẹ̀ ló ti ṣèrìbọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, tí wọ́n fún un ní orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà kan ní Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ alátìlẹyìn ẹgbẹ́ CMS. Bí orúkọ onígòjé ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn. Ní 1843, ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ onígòjé yìí tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ìwé tí gbogbo wa ní ẹ̀ka yìí ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí dòní.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé orúkọ òyìnbó kò nítumọ̀, ẹ tún inú rò. Ṣé ẹ rí ohun tó pa ìtumọ̀ Crowther? Kì í ṣe àjèjì ló pa á. Fayolíìnì dé, wọ́n gbé crwth sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kú lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn bàbá kò sọ fún ọmọ, àwọn ọmọ kò bi bàbá léèrè. Lónìí, àwọn tí ilé wọn wà ní Huddersfield gan-an lè máa rò pé ọ̀rọ̀ èrò ni.

Bí ẹ bá rò pé irú èyí kò lè ṣe wá, ẹ gbọ́ ti ilé wa.

Orúkọ ìdílé wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Olú. Mo ti ń fi yangàn láti kékeré, mo sì túmọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ní kíláàsì láìkọsẹ̀. Nígbà ìsinmi, mo lọ kí àbúrò bàbá bàbá mi obìnrin ní ìlú wa. Mo rí gángan kan tó rọ̀ mọ́ ògiri, awọ rẹ̀ ti ya.

Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ni ìlù yìí?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ òkò ọ̀rọ̀. "Ta ni ì bá tún ni ín? Bàbá bàbá rẹ ni. Ṣé o ò mọ̀ pé ọmọ Àyàn ni ọ́ ni?"

Mi ò mọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó là á fún mi pé Àyàn ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ wa tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá bàbá mi ṣèrìbọmi ni wọ́n sọ fún un pé Àyàn kò yẹ ọmọ ìjọ, ó sì fi Olú rọ́pò rẹ̀. Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí: ní Yorkshire, wọ́n gbé gòjé sọ nù, wọ́n sì tọ́jú orúkọ. Nílé wa, ìlù ṣì wà lára ògiri, orúkọ la gbé sọ nù.

Kì í sì í ṣe àwọn tó pààrọ̀ orúkọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọkùnrin kan wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa tí Àyàn bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó sọ fún mi pé "ẹni tí Ọlọ́run yàn" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò purọ́, ohun tó rí lára káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ló kà: "Ayan", láìsí àmì ohùn kankan. Kò sẹ́ni tó sọ fún un nípa Àyàn tó ni ìlù. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òun àti ẹni tó rí "crowd" nínú Crowther?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní orúkọ tí wọ́n fún Àjàyí ní Freetown, orúkọ ìgbèkùn ni, kò sì yẹ ká máa gbè é. Mi ò bá wọn jiyàn pé òun kọ́ ló yàn án. Àwọn kan tiẹ̀ wà láyé ìgbà náà tí wọ́n bọ́ tiwọn sílẹ̀: David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, di Mojọlá Agbébí ní 1894, ó sì káre. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bọ́ orúkọ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa jẹ́ ẹ lọ, kó mọ ohun tó ń jẹ́. Àìmọ̀ ni mo ń bá jà, mi ò bá Crowther jà, mi ò sì bá Olú jà. Àwọn mìíràn á ní, "Ṣé o fẹ́ kí gbogbo wa lọ búra ní kóòtù ká sì polówó ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn ni?" Rárá o. Orúkọ tó wà lára ìwé ẹ̀rí mi ni màá máa jẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò náni ju owó ìpè lọ. Kí sáà yìí tó parí, ẹ pe ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín. Ẹ bi wọ́n pé: kí ni orúkọ wa? Kí ló ń jẹ́ kó tó di èyí? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe nílé wa? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi àmì sí i dáadáa, nítorí àmì ohùn ló yà Àyàn sọ́tọ̀ kúrò lára yíyàn. Bí àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì kò bá ṣe é, ta la fẹ́ kó bá wa ṣe é?

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní yàrá rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì sọ ìtàn onígòjé àti ti gángan fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí títí.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ onílù tí wọ́n gbé orúkọ ìlù pa mọ́ fún, ìwọ lo wá ń fi èmi rẹ́rìn-ín?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ló pe bàbá rẹ̀ àgbà ní Èkó láti bi wọ́n léèrè orúkọ wọn.