Owó Rẹ Kọ́ Ni Ó Dá Omi

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn onílé àti àwọn tó ni ilé ìtura. Bí a bá ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ omi tí ń dà nù, wọn a ní: “Èmi ni mo gbẹ́ kànga mi, èmi ni mo ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Kí ló kan ẹnikẹ́ni?”

Ó kàn wá. Omi inú táǹkì rẹ, tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ògiri ilé rẹ. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka omi mọ́ ohun mẹ́ta tí àwọn ènìyàn jọ ni: omi, koríko àti iná. Bí ilé ìtura bá ń fi pọ́ńpù ńlá fa omi tọ̀sán-tòru, kànga aládùúgbò tí kò jìn lè gbẹ. Ní etí òkun bíi Èkó, bí a bá fa omi abẹ́ ilẹ̀ ní àfàjù, omi iyọ̀ ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ta ni yóò san gbèsè ìyẹn?

Àwa náà ńkọ́? Ẹ wo ibi àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí wa: omi ń ya, ẹni tí ń fọ ẹsẹ̀ ń tàkúrọ̀sọ. Bẹ́ẹ̀ ni hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá sọ pé mudd kan ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá, mudd mẹ́rin sí márùn-ún ni ó fi ń wẹ̀. Mudd kan kò tó lítà kan! Ẹ̀rọ tí ń kán tó, tó, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan a máa fi omi bíi lítà 20 ṣòfò lójúmọ́. Ìyẹn tó àlùwàlá ènìyàn 20, ó tún ṣẹ́kù.

Ẹlòmíràn a ní òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òjò ń rọ̀ ní Cape Town náà. Lẹ́yìn ọ̀dá ọdún mẹ́ta, ní oṣù kejì ọdún 2018, lítà 50 péré ni ìjọba ìlú náà ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa lò lóòjọ́, fún mímu, wíwẹ̀, fífọ aṣọ àti ilé ìyàgbẹ́.

Onílé, tún ẹ̀rọ tí ń jò ṣe. Fi bọ́ọ̀lù tí ń dá omi dúró sínú táǹkì rẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ padà sí búta. Àlùkùránì pe àwọn onínàákúnàá ní arákùnrin èṣù. Kò yọ ẹni tó sanwó omi rẹ̀ sílẹ̀. Omi kò lọ́tàá, àfi àwa tí a ń dà á nù.