Òṣùwọ̀n Òye àti Àwa Obìnrin

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe ara mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ìwé kan lágbègbè Èmùré, mo fún àwọn ọmọ ìwé kẹrin ní ìbéèrè ìṣirò mẹ́wàá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin kan gba méjì péré, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ ìṣirò. Ní ọjọ́ ọjà, mo bá a nídìí ọsàn ìyá rẹ̀, ó ń fún oníbàárà ní ṣéńjì kí èmi tó ṣírò rẹ̀ tán. Ojú tì mí. Mo tún bi í ní ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní èdè Yorùbá, ó sì gba mẹ́jọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò mi wọ̀n, kì í ṣe ìṣirò.

Àwọn ìyá wa tí ń ra gààrí ní ọjà Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé kóńgò tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ wọnú kì í wọn ọjà pé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìdánwò rí. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí a kọ́kọ́ dán ìbéèrè wò lára ọmọ díẹ̀. Wọn a yọ èyí tí àwọn tí ó mọ̀wé ń kùnà tí àwọn tí kò mọ̀ sì ń gbà. Wọn a sì wò ó bóyá èsì kan náà ni yóò jáde bí a bá tún un ṣe. Ìmọ̀ yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní psychometrics.

Nígbà tí mo sọ fún àgbàlagbà kan pé iṣẹ́ náà wù mí, ó ní, "Ọmọ mi, ìṣirò ti pọ̀ jù níbẹ̀ fún obìnrin, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni kí o lọ máa kọ́." Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò gbà. Obìnrin ni Anne Anastasi, ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní 1930, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21. Ìwé rẹ̀, Psychological Testing, jáde ní 1954, a sì ń tún un tẹ̀ títí di ẹ̀dà keje ní 1997. Ní 1972 ó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ipò tí obìnrin kankan kò dé láti 1921. Òun náà ni ó tẹnu mọ́ ọn pé kò sí ìdánwò tí àṣà kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ì bá ṣe pé mo ti gbọ́ ìyẹn kí n tó lọ sí Èmùré! Nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Eugenia Emeke ti fi ìmọ̀ ìgbéléwọ̀n ẹ̀kọ́ ṣe iṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa: bí ọmọbìnrin bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe dá a padà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi obìnrin, ẹ má ṣe sá fún ìṣirò. Ìdánwò ni ẹnubodè tí gbogbo ọmọ wa ń gbà kọjá. Ó yẹ kí àwa tí a mọ̀ wọ́n wà lára àwọn tí ń ṣọ́ ọ. Mo ti pa ohun tí mo kọ nípa ọmọ ọlọ́sàn yẹn rẹ́. Mélòó ni irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá pàdé lọ́jà?