Ìdajì Ọjọ́ ní Ìjẹ̀bú: Ta Ni Yóò Fi Ilẹ̀ Náà Han Àlejò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tó bá wọ Ìjẹ̀bú-Òde fún ìgbà àkọ́kọ́ mu gan-an. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbéra ní Èkó ní kùtùkùtù, tó gba ọ̀nà Ṣàgámù tàbí ti Ẹ̀pẹ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò sì dá a dúró, yóò ti gúnlẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ìrìn náà kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ. Bí ó bá ní atọ́nà kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan lọ́jọ́ náà, ìdajì ọjọ́ tó láti rí díẹ̀ nínú ohun àtijọ́ àti ohun òde òní tó wà ní ilẹ̀ náà, kí ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbéèrè tó kù ni pé: ta ni atọ́nà náà, kí sì ni yóò sọ?

Irú ìrìn afẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun láyé. Ní Róòmù, ní Áténì àti ní Káírò, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bọ́ ọmọ ni. Àlejò á sanwó, atọ́nà á gbé e ká, yóò fi ògiri àtijọ́ hàn án ní àárọ̀, yóò sì fi ọjà àti ilé àwòṣífìlà òde òní hàn án kí ọ̀sán tó pọ́n. Ohun tó yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé Ìjẹ̀bú, tí kò ṣe aláìní ohun tí ojú lè rí, kò tíì sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ gidi.

Kí ni àlejò lè rí? Yóò rí ère Ọbańta, ẹni tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ó tẹ ìlú náà dó, tí àwọn kan ní Ilé-Ifẹ̀ ló ti wá, tí àwọn mìíràn sì ní Wàdáì ni. Yóò rí ààfin Awùjalẹ̀, níbi tí Ọba Sikiru Káyọ̀dé Adétọ̀nà ti lo ọdún 65 lórí ìtẹ́, láti 1960 títí ó fi wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025. Yóò rí ilé Balógun Kúkù, olówó àti jagunjagun tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún Ojúde Ọba. Yóò rí ilé ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913, àti yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Tai Ṣolárìn pè ní Ìjagun. Bí ebi bá sì pa á, ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ewùrà sè kò ní wọ́n, kò sì ní kúrò ní ìlú náà láì di gààrí Ìjẹ̀bú díẹ̀ dání.

Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni ayé máa ń yíjú sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, nígbà tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí ìdílé àwọn Balógun bá gun ẹṣin wá júbà ọba. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin rẹ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan láàárín wákàtí díẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú rí sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ìdùnnú ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kẹrin, àwọn àlejò ti lọ, ilé ìtura ti ṣófo, àwọn ẹlẹ́ṣin ti kó gàárì wọn pamọ́. Ìlú tó ń fi ọjọ́ kan ṣoṣo gbàlejò dà bí oníṣòwò tó ń ṣí ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ohun tó tóbi jù lọ ní Ìjẹ̀bú kò tilẹ̀ sí ní ojúde ọba. Inú igbó ló wà. Erédò Sùngbọ́ ni: yàrà àti odi amọ̀ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún ohun tó ju 160 kìlómítà lọ. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó nǹkan bí 20 mítà, èyí tó ga ju ilé alájà márùn-ún lọ. Pacheco Pereira, ará Potogí tó kọ̀wé ní nǹkan bí 1508, ti mẹ́nu ba ìlú ńlá kan tó ń jẹ́ Geebu, tí yàrà ńlá yí ká. Ọ̀mọ̀wé Peter Lloyd kọ̀wé nípa Erédò ní 1959. Patrick Darling, onímọ̀ awalẹ̀pìtàn ará Bìrìtìkó, rìn ín ká, ó sì sọ fún gbogbo ayé ní 1999. Nínú ìṣirò tirẹ̀, erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ mítà onígun mẹ́ta, èyí tó ju ohun tí wọ́n fi kọ́ pírámíìdì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì lọ.

Láti 1995 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi orúkọ Erédò sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ UNESCO, pa pọ̀ mọ́ odi Ìbìní, nínú àtòkọ àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè ń fẹ́ kí wọ́n kà mọ́ ogún àgbáyé. Láti ìgbà náà, Sukur ti wọlé ní 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sì wọlé ní 2005. Erédò ṣì wà níta lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀ ti ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ báyìí, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti bí ọmọ tirẹ̀.

Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, Erédò kò dúró bó ṣe wà. Ọ̀nà ọkọ̀ ti gé e já ní ibi púpọ̀. Oko ti wọ inú rẹ̀, ilé sì ń sún mọ́ ọn bí ìlú ṣe ń gbòòrò. Amọ̀ pupa ni ògiri rẹ̀. Ìbòòji igi àti gbòǹgbò wọn ló ń dáàbò bò ó. Níbi tí wọ́n bá ti ṣán igbó, òjò a máa fọ etí odi wọ inú yàrà, ọdún díẹ̀ sì tó láti sọ ohun tí àwọn ẹlẹ́gbẹ̀rún ọwọ́ gbẹ́ di kòtò lásán. Kò sí ẹni tó lè bá àgbẹ̀ tó ń ṣán igbó náà jà tọkàntọkàn. Kò sí àmì kan tó sọ fún un pé ohun pàtàkì ni, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó bọ́ sí àpò rẹ̀ nítorí pé ó dá a sí. Ẹ̀gẹ́ tó gbìn ni yóò bọ́ ọmọ rẹ̀, ìtàn kò lè bọ́ ọ.

Níbí ni ìrìn afẹ́ ìdajì ọjọ́ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Ohun tí àlejò bá ń sanwó láti wò, onílé kò ní fẹ́ kí ó parun. Bí àbúlé tí yàrà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá bá ń gba ìpín nínú owó tí àlejò san, bí ọmọ àgbẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ láti ṣamọ̀nà, bí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ àti ọsàn bá mọ̀ pé ọkọ̀ àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àbúlé náà fúnra rẹ̀ ni yóò di ọlọ́dẹ odi. Òfin ìjọba lè kọ́kọ́ dáàbò bo Erédò lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àlejò ni yóò dáàbò bò ó nínú igbó.

Síbẹ̀, owó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí atọ́nà yóò sọ tún wà níbẹ̀. Bí àlejò bá dé Òkè-Ẹ̀rì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń bọ̀wọ̀ fún sàárè Bílíkísù Sùngbọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ayaba Ṣébà tó lọ bẹ Sólómọ́nì wò ni, òun ló sì ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n Bíbélì àti Kùránì kò dá orúkọ ayaba náà. Àwọn onímọ̀ ìtumọ̀ Kùránì ló pè é ní Bilkisu. Ọ̀rúndún kẹwàá ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n sì fi Sólómọ́nì sí. Ìwádìí tí Gérard Chouin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi gbígbẹ́ Erédò sí nǹkan bí 1370 sí 1420 lẹ́yìn ìbí Jésù. Kódà bí ènìyàn bá mú ìṣirò àtijọ́ tó ní ó ti wà ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ó ju 1,700 ọdún lọ tó wà láàárín Sólómọ́nì àti odi náà.

Ṣé kí atọ́nà wá dákẹ́ lórí Sùngbọ́ ni? Rárá o. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Àwọn ará Ìjẹ̀bú ń rántí obìnrin kan tó ní ọlá àti ọrọ̀, tó ní agbára láti kó ènìyàn jọ ṣiṣẹ́ ńlá. Ìrántí náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tó yẹ kí àlejò gbọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, kí wọ́n fi lé ayaba ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́, bí ẹni pé àwọn baba ńlá Ìjẹ̀bú kò lè ronú rẹ̀ kàn. Òótọ́ níyì ju àsọdùn lọ: àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé inú igbó yìí, pẹ̀lú ọkọ́ àti agbọ̀n, ló gbẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ilẹ̀ tó tóbi jù lọ láyé. Kí ni ayaba Ṣébà fẹ́ fi kún un?

Atọ́nà rere kò sì gbọdọ̀ fo ibi tó korò. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ìbọn Maxim ló borí àwọn akọni tó jáde láti gbèjà ilẹ̀ wọn. Gilbert Carter, gómìnà Èkó, ló rán ogun náà, nítorí pé Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òwò pa mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yorùbá mìíràn. Àlejò tó bá kọjá ní Ìjẹ̀bú láì gbọ́ orúkọ Ìmàgbọn kò tíì mọ ìdí tí ọ̀nà fi là, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí sì fi kún ìlú náà kíákíá lẹ́yìn náà. Ó tún yẹ kí ó gbọ́ pé aṣọ Ìjẹ̀bú nìkan kọ́ ló gba ọ̀nà òwò náà lọ sí etí òkun. Ẹrú náà gba ibẹ̀. Ìlú tó bá lè sọ èyí fún àlejò láì bojú wẹ̀yìn kò ní ohun tí yóò bẹ̀rù mọ́.

Àwọn kan yóò ní ìrìn afẹ́ yóò ba ohun mímọ́ jẹ́, pé ẹni tó bá ń ya fọ́tò lórí ojúbọ kò ní bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ̀rù náà kì í ṣe asán. Àṣà kan wà tí kì í ṣe fún ojú àlejò. Bí Agẹmọ bá ń rìn, àwọn obìnrin kì í rí i, ọ̀rọ̀ náà sì ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Òṣogbo fi hàn pé igbó òrìṣà lè gba àlejò láti gbogbo ayé kí ó sì ṣì jẹ́ igbó òrìṣà. Ní Abẹ́òkúta, Òkúta Olúmọ ní àwọn tó ń mú ènìyàn gun òkè tí wọ́n sì ń sọ ìtàn fún un. Ní Wídà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwọn atọ́nà ń mú àlejò rin ọ̀nà tí wọ́n gbà kó ẹrú lọ sí etí òkun. Níbi tí onílé bá ti sọ ibi tí àlejò lè tẹ̀ àti ibi tí kò lè tẹ̀, ọ̀wọ̀ a máa wà. Níbi tí kò bá sí onílé ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣe bó ti wù ú.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yan apá Erédò díẹ̀, kí wọ́n fi àmì sí i, kí wọ́n sì fi òfin ká a. Kí ààfin àti àwọn baálẹ̀ bá wọn jókòó lórí ìpín tí àbúlé yóò máa gbà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn ní Ìjagun gba ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ atọ́nà, kí wọ́n lè sọ ohun tí ìwádìí fi hàn pẹ̀lú ohun tí àwọn àgbà ń wí, kí wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní Ìjẹ̀bú mú àwọn ọmọ rẹ̀ dé etí yàrà lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó jáde ìwé mẹ́wàá. Ó burú kí ará Amẹ́ríkà gbọ́ orúkọ Erédò kí ọmọ tó dàgbà ní tòsí rẹ̀ tó gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀, àlejò tó gbéra ní Èkó ní àárọ̀ yóò dúró ní ìsàlẹ̀ yàrà náà kí ọ̀sán tó pọ́n. Yóò gbójú sókè, yóò rí ògiri pupa tí ewé àti ìbòòji bò. Yóò béèrè pé ta ló gbẹ́ ẹ. Ọmọ abúlé kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì dáhùn láì lọ́ tìkọ̀ pé, àwọn baba wa ni.