ÀJẸṢẸ́KÙ NI ORÚKỌ WA, KÌ Í ṢE ÀJẸTÁN

  

Ní oṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ẹ̀yáwó bá jókòó, tí a bá ṣí ìwé ìbéèrè wò, ohun tí à ń rí níbẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí ó bá fẹ́ yáwó a máa kọ ọ́ pé òun fẹ́ fi kún ọjà, tàbí òun fẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ, tàbí òun fẹ́ kan òrùlé. Ní báyìí, "ìnáwó ilé" ni, "oúnjẹ ọdún" ni, "aṣọ ẹbí" ni. Ohun tí a ti jẹ tán, tí a ti gbàgbé, ni a óò wá máa san owó rẹ̀ pẹ̀lú èlé fún oṣù mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ ni àpò ẹgbẹ́ ní ìwọ̀n. Bí oúnjẹ ọdún bá ti gbé owó lọ, ẹni tí ọmọ rẹ̀ rí ilé-ìwé gíga wọ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e yóò dé, a óò sì sọ fún un pé kí ó ṣì ní sùúrù. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn láti sọ fún òbí. A kò fi èyí bá ẹnikẹ́ni wí o, nítorí àwa tí à ń kọ̀wé yìí náà ti tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí.

A mọ̀ pé ìgbà le. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ fò sókè, gbogbo ohun tí ọkọ̀ sì ń kó wá sí ọjà bá a lọ. Nítorí náà, a kò wá sọ fún yín pé kí ẹ febi pa ọmọ yín. Ẹ wo orúkọ tí àwọn baba wa fún irú ẹgbẹ́ yìí: Àjẹṣẹ́kù. Wọn kò pè é ní Àìjẹ, wọn kò sì pè é ní Àjẹtán. Wọ́n ní kí á jẹ, kí ó sì ṣẹ́ kù. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé kì í ṣe jíjẹ ni ó ń pa wá bí kò ṣe bí a ti ń ra ohun tí à ń jẹ.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò kan. Ẹni tí ó ń ra ìrẹsì ní kóńgò kọ̀ọ̀kan ń san jù ẹni tí ó ra odidi àpò lọ, gbogbo wa la mọ èyí. Ká sọ pé ìyàtọ̀ tí ó wà lórí kóńgò kan jẹ́ ₦200 péré, kí ìdílé kan sì máa jẹ kóńgò mẹ́ta lọ́sẹ̀. ₦600 nìyẹn lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ó wà nínú ọdún, ó di ₦31,200. Ìrẹsì nìkan nìyẹn o! A kò tíì ka gààrí, ẹ̀wà, epo pupa, òróró, ọṣẹ, àti mílíìkì inú ọ̀rá tí a ń já lẹ́nu láràárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kóńgò pàápàá kò dọ́gba. Òmíràn wà tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tí ó ra kóńgò mẹ́wàá nínú irú rẹ̀, kò gbé kóńgò mẹ́wàá délé.

Ẹnìkan yóò ní, "Akọ̀wé, ṣebí ẹni tí ó ní owó àpò ló ń ra àpò?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: kí ló dé tí owó àpò kì í fi í pé lọ́wọ́ ìyàwó ilé? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ojoojúmọ́ ni baálé ń fi owó oúnjẹ sílẹ̀ kí ó tó jáde. Owó ọjọ́ kan kò lè ra ju ẹrù ọjọ́ kan lọ. Bí ìyá ilé gbọ́n bí ìfà, kò ní ohun tí ó lè ṣe sí i. Yóò ra tòmátò inú ọ̀rá, yóò ra òróró inú ìgò kékeré, yóò ra ẹ̀wà kóńgò kan, lọ́la yóò tún jáde lọ ra òmíràn. Ẹ̀yin baálé ilé, ẹ má bínú sí wa. Bí ẹ bá ń gba owó lóṣooṣù, ẹ jókòó pẹ̀lú ìyàwó yín lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kí ẹ yọ owó àwọn ohun tí kì í bàjẹ́ sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrí, epo, òróró, ọṣẹ. Owó ẹ̀fọ́, ata àti ẹran nìkan ni kí ẹ máa pín sí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin tí ọjà ni ó ń bọ́ yín, tí owó ń wọlé fún yín lójúmọ́, ẹ máa yọ owó oúnjẹ náà sínú àpótí lọ́tọ̀ títí tí yóò fi pé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ọjà àti owó ọbẹ̀ gbé inú àpò kan, nítorí ọ̀kan nínú wọn yóò jẹ èkejì, a sì mọ èyí tí wọn yóò jẹ.

Ẹ̀wẹ̀, kí á máa ra nǹkan ní ìgbà rẹ̀. Iṣu tuntun ń pọ̀ ní ọjà láti bí oṣù Keje sí ìkẹjọ lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ iṣu ní oṣù Karùn-ún yóò fi ojú rí owó. Epo pupa a máa pọ̀ láàárín oṣù Kẹta sí ìkarùn-ún. Tòmátò a máa wà jaburata nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó tó di wúrà nígbà òjò. Àkókò tí ó pọ̀ náà ni kí á sè é gbẹ, kí á fi òróró dín in, tàbí kí á sá ata sínú oòrùn. Ní ti ẹ̀wà, bí a bá rà á lápò, kí á sá a dáadáa kí ó gbẹ, kí á rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì tí ó mọ́ tónítóní dé ẹnu, kí á dé e pinpin. Atẹ́gùn kò ní rí ibi wọ̀ ọ́, kòkòrò inú rẹ̀ yóò sì kú. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò sínú ẹ̀wà tí ènìyàn yóò jẹ. Owó tí a fẹ́ ṣọ́ kì í ṣe ti ilé ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ gan-an nìyí. Nígbà tí àwọn 28 kan dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1844, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ìyà ń jẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dá jọ, ọjà tí wọ́n sì kó sí i kò ju ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ọkà óòtì àti àbẹ́là lọ. Òfin wọn kò ṣòro: òṣùwọ̀n tí ó pé, ọjà tí kò ní àbùlà, owó lọ́wọ́ láìsí àwìn, kí èrè sì padà sí ọwọ́ ẹni tí ó rajà, ní ìwọ̀n bí ó ti rà tó. Inú oúnjẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ jáde ní 1935, kòkó ni àwọn baba wa sì fi ṣe pọ̀ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìrẹsì, ṣúgà àti mílíìkì ṣọ̀wọ́n, tí àwọn ènìyàn ń tò sórí ìlà nítorí "ẹsẹ́ńkò", àwọn òbí wa mọ iyì kí á rí ibi kan tí wọ́n ti ń pín ọjà ní iye tí ó tọ́. Kí ló dé tí àwa fi sọ ẹgbẹ́ di ibi tí a ti ń yáwó nìkan?

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ẹgbẹ́ dá àpò àjùmọ̀rà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yóò máa dá iye tí agbára rẹ̀ ká lóṣooṣù, lọ́tọ̀ sí owó ìfipamọ́ rẹ̀, yóò sì máa gba rìsíìtì. Ní ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kí ọdún tó dé pẹ̀lú, a óò fi owó náà ra àwọn ohun tí kì í bàjẹ́ lọ́pọ̀, a óò pín in lójú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú òṣùwọ̀n, kì í ṣe pẹ̀lú kóńgò. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká àpò, méjì tàbí mẹ́rin lè pín àpò kan. Èyí yàtọ̀ sí àjọ ọdún tí àwọn kan ń dá lójú pópó, tí olórí àjọ á sá lọ nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan sí Kérésìmesì. Ẹgbẹ́ tiwa ní ìwé, ó ní ayẹ̀wé-owó-wò, ó sì ní ìpàdé tí a ti lè béèrè ọ̀rọ̀.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn ìyá ọlọ́jà wa ń sọ lábẹ́lẹ̀: "Bí ẹgbẹ́ bá ń pín ìrẹsì, ta ni yóò ra tiwa?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni kí á ti kọ́kọ́ béèrè. Kí wọ́n kọ iye tí wọn yóò tà á sínú ìwé, kí ìgbìmọ̀ fi wé ti Bódìjà, ẹni tí owó rẹ̀ bá dára ni kí á rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Owó lọ́wọ́ ni a óò san. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé èrè kékeré lórí ọgbọ̀n àpò tí a san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sàn ju èrè ńlá tí ó há sínú ìwé àwìn lọ. Bí a kò bá ṣe é báyìí, ẹlòmíràn ni yóò máa jẹ èrè náà.

Ó ku ti ìgbádùn. Ọmọ gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ ọdún, a kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ọmọ mẹ́rin lọ sí ọgbà Agodi tàbí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe owó ìwọlé ni ó ń tú àpò wa, ohun jíjẹ àti mímu tí a ń rà níbẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun yó kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ sè ráìsì sínú kúlà, ẹ gbé omi dání, kí ẹ sì béèrè ṣáájú bóyá wọ́n gbà kí a gbé oúnjẹ wọlé. Ìdílé mẹ́ta lè dá owó gba ọkọ̀ kan. Ọmọ kò ní rántí iye tí ẹ ná, pé ẹ jọ lọ ni yóò rántí. Ní ti aṣọ ẹbí, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ràn wa yóò gbà wá pẹ̀lú aṣọ tí a ti ní. A tilẹ̀ rò pé kò yẹ kí owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ máa jáde fún aṣọ ẹbí mọ́ rárá. Bí ó bá dùn ún yín, ẹ wá sọ ọ́ ní ìpàdé.

A óò gbé ọ̀rọ̀ àjùmọ̀rà yìí síwájú ìpàdé gbogbogbòò tí ó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí oníkálukú kọ ohun tí ilé rẹ̀ ń jẹ ní oṣù kan àti iye tí ó ń rà á, kí ó mú un wá. Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀, ẹ kọ ọ́. Ẹ óò ya ẹnu nígbà tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, bí ó ti ya àwa náà lẹ́nu.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. A óò jẹ, yóò sì ṣẹ́ kù fún wa o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́