Ọjà Nìkan Kọ́ Ni Ìrìn Àjò

Bí a bá lọ rajà ní Kútọnu, kí á má máa di ẹrù tán, kí á sáré padà. Lọ́jọ́sí, ọkọ̀ akẹ́rù wa pẹ́. La bá wọkọ̀ ojú omi ní Calavi lọ sí Ganvié, ìlú orí adágún Nokoué. Inú ọkọ̀ ni àwọn ìyá ti ń tajà. Láyé ìjelòó, àwọn apẹja a máa ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n ń pè é ní acadja; ẹja á sá wọ ibẹ̀, á bí sí i, ó sì di oṣù mélòó kan kí wọ́n tó kó o. Ẹni tó ń yọ owó ìfipamọ́ lóṣooṣù, ìgbà wo ni tirẹ̀ yóò bí sí i? A kò rí ẹ̀kọ́ yìí nínú ọjà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á máa ya ààbọ̀ ọjọ́ sọ́tọ̀ láti rìn kiri.