Ọjọ́ Tí Mets Ta Scherzer Kọ́ Ni Wọ́n Ṣàṣìṣe

Ní ìparí oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tí sáà ìdíje kò tíì parí, ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù New York Mets fa Max Scherzer lé Texas Rangers lọ́wọ́. Ajubọ́ọ̀lù ni, ẹni tí gbogbo eré ń ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ Cy Young lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ti pé ọmọ ọdún 39. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Luisangel Acuña, ni wọ́n gbà dípò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Justin Verlander, ẹni 40 ọdún, náà padà sí Houston Astros níbi tó ti wá. Ni àwọn kan bá ń pariwo pé ìwà ojo ni, pé ẹgbẹ́ tó bá ta akọni rẹ̀ lójú ogun ti túúbá.

Ogun wo ló kù? Ìpàdánù Mets ti ju ìṣẹ́gun wọn lọ nígbà náà. Awakọ̀ tó ṣìnà, tó sì rí ibi tó lè yí padà sí, ṣé ojo ni a ó pè é bó bá yí padà? Ọjọ́ ìrà ló yẹ kí wọ́n bínú sí, kì í ṣe ọjọ́ ìtà. Ní ìparí ọdún 2021 ni Mets bá Scherzer ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ta ní mílíọ̀nù 130 dọ́là. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù 86 fa Verlander wá fún ọdún méjì. Owó iṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn lọ́dún 2023 ju mílíọ̀nù 300 dọ́là lọ. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ tó tíì ná tó bẹ́ẹ̀ nínú eré náà. Steve Cohen, tó ra ẹgbẹ́ náà ní 2020, náwó bí ẹni pé orí àtẹ ni wọ́n ti ń ra ife-ẹ̀yẹ.

Àwọn mìíràn ní àwọn arúgbó ló ba ẹgbẹ́ jẹ́. Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé ọwọ́ Scherzer kò le bíi ti àná mọ́, ṣùgbọ́n ta ni kò lè ka ọdún 37 nígbà tí wọ́n ń bu ọwọ́ lu ìwé? Verlander ní tirẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá. Edwin Díaz, ẹni tó máa ń parí eré fún wọn, ti ṣèṣe lórúnkún ní oṣù Kẹta níbi tó ti ń yọ ayọ̀ ìṣẹ́gun pẹ̀lú Puerto Rico, kò sì jù bọ́ọ̀lù kan fún Mets lọ́dún náà. Ṣé ọjọ́ orí ló ṣe ìyẹn?

Wọ́n tún ní Mets san nǹkan bí mílíọ̀nù 35 dọ́là nínú owó Scherzer kí Texas tó gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni, owó yẹn gan-an ni wọ́n sì fi ra Acuña. Bí Texas bá ní láti san gbogbo gbèsè náà, wọn ì bá má fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Orúkọ àwọn méjì yìí ni wọ́n fi polówó sáà náà fún wọn. Scherzer ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ pé òun kò lọ; ó béèrè, àwọn aláṣẹ sì sọ fún un pé 2025 tàbí 2026 ni àwọn ń wò. Ẹnu rẹ̀ ni ará ìta ti wá gbọ́ ọ. Kí ló dé tí ẹni tó ń gba owó fi gbọ́ òótọ́ ṣáájú ẹni tó ń san án? Ní oṣù Kẹwàá, Texas Scherzer àti Houston Verlander wojú ara wọn, Texas borí, wọ́n sì gba World Series àkọ́kọ́ wọn. Ìṣẹ́gun 75 àti ìpàdánù 87 ni Mets gbé relé.

Acuña dé New York ní oṣù Kẹsàn-án 2024 nígbà tí Francisco Lindor fara pa, ó sì wúlò. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Mets fún Juan Soto ní mílíọ̀nù 765 dọ́là fún ọdún 15. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà náà. Yóò ti pé 40 kí àdéhùn náà tó parí.